MÁJẸ̀MÚ NI, KÌ Í ṢE ILẸ̀ RÍRÀ

Akọ́sórí: Málákì 2:14 (Ẹ kà á sókè láti inú Bíbélì yín)
Bíbélì Kíkà: Rúùtù 4:1-13

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Lakowe kì í kánjú. Yóò béèrè ẹbí tó ni ilẹ̀, yóò mú ẹni tó ń wọn ilẹ̀ lọ síbẹ̀, yóò wádìí ní Aláùsá bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e, yóò sì mú ẹlẹ́rìí dání lọ́jọ́ tó bá máa sanwó. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ tí kò ní ìwé tó péye ni í di ẹjọ́ lọ́la. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa tó ń ṣọ́ ìwé ilẹ̀ báyìí ni kì í ṣọ́ májẹ̀mú ìgbéyàwó.

Nínú Bíbélì kíkà wa òní, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìyàwó pàdé. Ní ẹnu ibodè Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Bóásì pe àgbààgbà mẹ́wàá jókòó. Ó sọ fún ìbátan tó sún mọ́ Náómì jù ú lọ pé ilẹ̀ Élímélékì wà fún rírà. Ọkùnrin náà gbà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé Rúùtù, opó ará Móábù, wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó yíhùn padà, kí ogún tirẹ̀ má baà bàjẹ́. Ó fẹ́ ilẹ̀, kò fẹ́ ẹni. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó yọwọ́. Bíbélì kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Bóásì gba ẹni náà pẹ̀lú ilẹ̀ náà, ó sì pe gbogbo ènìyàn ní ẹlẹ́rìí. Nínú ilé yẹn ni a ti bí Óbédì, bàbá Jésè, bàbá Dáfídì. Láti ìran yẹn sì ni Olùgbàlà wa ti wá.

Olùfẹ́, ìtumọ̀ ìgbéyàwó fún Kristẹni nìyí: kí o fi ara rẹ jìn fún ẹnì kan níwájú Ọlọ́run, bí Kristi ti fi ara rẹ̀ jìn fún ìjọ (Éfésù 5:25). Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ bàbá ìyàwó fi ń dá owó orí padà lọ́jọ́ ìdána: wọn kò ta ọmọ. Òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà náà ń béèrè ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán, yálà ní réjísìrì Ìkòyí ni tàbí nínú ìjọ. Àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyẹn á jẹun, wọ́n á lọ sílé. Ẹlẹ́rìí kan ni kì í lọ. Ní ayé Málákì, àwọn ènìyàn fi omijé bo pẹpẹ, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò ka ọrẹ wọn sí, nítorí wọ́n ń dalẹ̀ ìyàwó ìgbà èwe wọn, Òun sì ni ẹlẹ́rìí.

Ìwọ ọkọ, ṣé o ti ra ilẹ̀ tí ìyàwó rẹ kò mọ̀ sí? Ìwọ ìyàwó, ṣé owó wà níbì kan tí ọkọ rẹ kò gbọ́dọ̀ gbọ́? Ṣé ẹ ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ajah, tí ẹ ń wọlé lóru, tí ọ̀rọ̀ owó nìkan ló kù láàárín yín? Ilé lè parí kí ìgbéyàwó inú rẹ̀ wó. Ìwọ tí o ń wá aya tàbí ọkọ, ṣé ẹni náà lo fẹ́, àbí ohun tó ní?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹni tí wọ́n ń lù nílé, májẹ̀mú kò ní kó kú síbẹ̀. Ẹni tó ń luni ló da májẹ̀mú. Wá ibi ààbò, kí o sì sọ fún ẹni tó lè gbà ọ́.

Ìgbésẹ̀ òní: Kí o tó sùn lálẹ́ òní, sọ ohun kan tí o ti ń fi pamọ́ fún ẹnì kejì rẹ.

Àdúrà: Bàbá, Ìwọ ni ẹlẹ́rìí wa. Gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀mí ìdalẹ̀. Tún májẹ̀mú ilé wa ṣe, kí àdúrà wa má ṣe ní ìdènà, ní orúkọ Jésù. Àmín.