Gbèsè Àjàlá àti Òṣìṣẹ́ Tó Ṣeé Gbẹ́kẹ̀lé

Ní Ọ̀tà, ní Àgbárá, ní Ọgbà àti Ìkejà, ẹ̀sùn kan náà ni àwọn tó ni iléeṣẹ́ fi ń kan òṣìṣẹ́: wọn kì í tètè dé, wọn kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, bí ọ̀gá bá sì ti kẹ̀yìn, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé níbo ni a ti ń rí ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé gbà síṣẹ́. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò tọ̀nà lójú tèmi. Ó dà bí ẹni pé òṣìṣẹ́ rere ti wà níbì kan tó ti pé, tó ti jinná, tó kù kí a lọ mú un. Ogbè Ògúndá, odù tí àwọn babaláwo tún ń pè ní Ogbèyọ́nú, ní ìtàn kan tó gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn, ìyẹn ìtàn Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí lọ́run.

Kádàrá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń túmọ̀ ìtàn yìí. Wọ́n gbójú fo iléeṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, fẹ́ wá sáyé, wọ́n ní láti lọ yan orí nílé Àjàlá. Àwọn méjì àkọ́kọ́ dé ibẹ̀, wọn kò rí i, wọ́n bá ṣa èyí tó tóbi tó sì dùn-ún wò nínú ọjà rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé orí náà kò jinná. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù, gbogbo làálàá wọn láyé kò sì lérè. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà nílé bàbá rẹ̀, Ifá ní kó mú iyọ̀ àti owó dání. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fi iyọ̀ hàn án. Oníbodè yìí ló là á lóye pé onígbèsè ni Àjàlá, pé bó bá fẹ́ orí rere, kó bá a san gbèsè náà. Nígbà tí àwọn méjèèjì dé ilé Àjàlá, ẹni tó jẹ lówó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, Àjàlá ti sá gun àjà. Afùwàpẹ́ san ẹgbàafà owó ẹyọ, ìyẹn 12,000, amọ̀kòkò sọ̀ kalẹ̀, ó mú irin, ó fi ń dán àwọn orí wò títí ó fi bá a mú èyí tó le.

Ọ̀dọ̀ amọ̀kòkò kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, amọ̀ kan náà ló fi mọ orí wọn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí wọ́n ṣe bá oníṣẹ́ náà lò. Ẹni tó sá gun àjà nítorí gbèsè kò lè jókòó ti iná tó ń sun ìkòkò. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni Ifá tọ́ka sí pé ọjà ti bàjẹ́, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó wọlé wá yan ohunkóhun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ Ford ní Highland Park, nítòsí Detroit ní Amẹ́ríkà, jọ èyí gan-an. Ní ọdún 1913, ó lé ní 50,000 ènìyàn tí wọ́n gbà síṣẹ́ kí nǹkan bí 14,000 péré tó lè máa wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń wọlé ni wọ́n ń jáde, nítorí pé iṣẹ́ àtòtẹ̀léra (assembly line) tí Ford ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ń súni, ó sì ń tánni lókun. Ní oṣù January 1914, iléeṣẹ́ náà kéde owó ojúmọ́ dọ́là 5, èyí tó ju ìlọ́po méjì ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì dín wákàtí iṣẹ́ kù láti 9 sí 8. Láàárín ọdún kan, àwọn tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ dín kù gidigidi. Ìwà àwọn ará Detroit kò yí padà mọ́jú. Bíi ti Àjàlá, ìnira owó ló fúyẹ́ lọ́rùn wọn. N kò sọ pé gbogbo ohun tí Ford ṣe ló dára o: ó tún rán àwọn aṣèwádìí lọ sílé òṣìṣẹ́ láti wo bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn, ìyẹn kò sì yẹ ọmọlúàbí.

Ọ̀nà kejì tí àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń gbà ni kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ kí ó má baà jalè. Ní oṣù September 2002, iná sọ lóru ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe nǹkan rọ́bà ní Odógunyàn, Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru sì kú síbẹ̀ torí pé ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ẹni tó bá ka òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí olè ṣáájú kí ó tó jalè ti pinnu irú àjọṣe tí yóò wà láàárín wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé Àjàlá ló fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ gbèsè, kí ló wá kan oníbàárà? Òótọ́ ni, Ifá kò sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Afùwàpẹ́ kò san owó kó sì máa lọ. Irin ṣì kan orí. Owó tó tó àti àyẹ̀wò tó le jọ wà nínú ìtàn kan náà ni, ẹni tó bá sì mú ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀ yóò pàdánù. Bí òṣìṣẹ́ bá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó ṣì ń jalè, kí wọ́n dá a dúró. N kò ní bá a bẹ̀bẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní orí tí ẹlòmíràn yàn ló sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n Ifá tún kọ́ wa pé nígbà tí gbogbo orí pé jọ, tí wọn kò pe Ẹsẹ̀, àbá wọn kò ṣẹ: orí nìkan kò tó. Iyọ̀ tí Afùwàpẹ́ fi han oníbodè ńkọ́? Oníbodè yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, kò mọ iyọ̀ ni. Mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ tí a ń bú ni wọ́n gbé síwájú ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí wọ́n dé, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn bí a ṣe ń lò ó?

Èyí tó le jù ni ti ẹni tó ní iléeṣẹ́ kékeré, tí owó dísẹ́lì ti gba gbogbo èrè rẹ̀. Mo káàánú rẹ̀. Síbẹ̀, àtúnkọ́ ẹni tuntun ní oṣooṣù, ọjà tó bàjẹ́ àti ẹ̀rọ tí ọwọ́ àìmọ̀ ṣẹ́, owó ni gbogbo wọn, bí kò tilẹ̀ kọ wọ́n sínú ìwé. Àwọn nǹkan kan sì wà tí kò gba owó rẹpẹtẹ: kí owó oṣù má ṣe pẹ́, kí òṣìṣẹ́ má sì wà ní òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ (kázúà) fún ọdún márùn-ún. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà sọ ọ́ kedere pé kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, kí ẹ tó tún lẹ ìkéde pé ẹ ń wá òṣìṣẹ́ mọ́ ẹnu géètì, ẹ lọ wo iye àwọn tó ti wà lọ́dọ̀ yín tí kò tíì gba ìwé náà, kí ẹ sì fún wọn.