Òrùka Olókùúta Pupa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá òkè àti ilẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, a ń rí òrùka olókùúta pupa lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ wa láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ. Àwọn kan ní ó ń fa oríire, ó sì ń lé ọ̀tá. Ẹni tí kò rí owó oúnjẹ á tún yá owó rà á!

Kí ni òkúta náà gan-an? Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa yìí wà lára ibi tó ti ń jáde. Ní ìparí ọdún 1998 ni wọ́n wa ọ̀pọ̀ tourmaline pupa ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí òkúta yíyọ́ abẹ́ ilẹ̀ ń tutù, oje gbígbóná tó ṣẹ́kù wọ inú pàlàpálá àpáta, ó sì dì síbẹ̀. Èròjà manganese ló sọ ọ́ di pupa. Nínú Súúrà Fáátir, áyà 27, Ọlọ́hun tọ́ka sí ilà funfun àti pupa lára àwọn òkè, kí a lè mọ agbára Rẹ̀. Yákúùtì inú Súúrà Rahmáánì, ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì le jù ú lọ. Ẹni tó bá pe tourmaline ní yákúùtì kó lè gbówó lé e, oníjìbìtì ni.

Ẹ ṣọ́ra o. Bí tourmaline bá gbóná, ó máa ń fa eérú mọ́ra. Iná mànàmáná ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àlùjànnú. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn gba owó yín.

Òrùka kì í ṣe èèwọ̀. Ànábì wa ní ti fàdákà, tó fi ń lu lẹ́tà ní òǹtẹ̀. Wúrà ni ọkùnrin kò gbọdọ̀ wọ̀. Ṣùgbọ́n Umar ọmọ Khattab dúró níwájú Òkúta Dúdú ara Káábà, ó ní òun mọ̀ pé òkúta lásán ni, kò lè ṣeni lóore, kò lè ṣeni níbi, àti pé torí Ànábì fẹnu kò ó lòun náà fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ti Káábà bá rí báyìí, kí la fẹ́ sọ nípa èyí tí wọ́n fi ṣọ́bìrì wà?

Ẹ̀yin tí ẹ rà á fún ẹ̀ṣọ́, ẹ máa lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ gbójú lé e, ṣíríkì ni. Ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó ṣe àlùwàlá Ìṣáì alẹ́ òní, kí ẹ tọrọ àforíjìn. Ẹni tó yá owó rà á, kó tà á ní iye tó tọ́ sí i, kó san gbèsè rẹ̀.