Apá Kan Iṣẹ́ Ha Ṣeé Dá Padà Bí?

Bí ènìyàn bá ṣìṣe láàárín iṣẹ́, ó ha yẹ kí ó da gbogbo rẹ̀ nù bí? Àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ ní èsì. Nínú òfin èdè SQL ti ọdún 1999, akọ̀wé lè fi àmì sí àárín iṣẹ́. Bí ó bá kọ máàkì ọmọ 30 tí ó sì fi àmì síbẹ̀, bí ó bá ṣìṣe lórí ọmọ kẹrìnlélọ́gbọ̀n, ó lè padà sí ojú àmì náà. Ti ọmọ 30 dúró. Gbogbo èyí tí ó tẹ̀lé e parẹ́, àtèyí tí ó tọ̀nà. Ẹni tí kò fi àmì sí, bí ó bá padà, ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá ni yóò dé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ti fọwọ́ sí i, àmì kò wúlò mọ́. Jim Gray ará Amẹ́ríkà ṣàlàyé ní 1981 pé iṣẹ́ mìíràn ni a óò fi ṣe àtúnṣe èyí tí ó ti parí.

Ẹ̀yin olùkọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwà rí. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ọmọ tí máàkì èké ti dù ní ipò, pípa máàkì náà rẹ́ níkọ̀kọ̀ kò san gbèsè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ iṣẹ́ wò kí a tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, kí a tún un ṣe ní gbangba.