Alángbá Ò Gbọdọ̀ Rí I

Ẹnu géètì ilé ìwé àwọn ọmọ mi n'Íbàdàn ni mo ti gbọ́ ọ, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn ọmọ mẹ́ta kan, tí báàgì ẹ̀yìn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù wọ́n lọ, ń di imú, wọ́n ń fi ìwé fẹ́ atẹ́gùn, wọ́n sì ń kọrin nípa fóòmù. Ọmọ tí wọ́n ń fi orin náà bú dúró ti ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó dè é, ó tún tú u, ó tún dè é. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Kíláàsì kan náà ni òun àti ọmọ mi àgbà jọ wà.

N ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, torí mo ti mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Lánàá ọjọ́ náà ni ìyá ọmọ yìí gbé fídíò sórí WhatsApp status rẹ̀: fóòmù tí ìtọ̀ ti ya máàpù sí lójú, ọmọ náà nínú aṣọ àwọ̀sùn tó ń wọ́ ọ lọ síbi oòrùn, tó ń fi apá kan bojú, àti ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn kámẹ́rà, tó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́: "Ẹ wá wo ìyàwó ilé ọ̀la o!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìyá tó ní nọ́ńbà rẹ̀ ti rí i. Àwọn ọmọ tó ń fi fóònù ìyá wọn ṣe géèmù náà ti rí i.

Mo bínú. Mo ṣì ń bínú bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ kí n máa fi ọ̀rọ̀ wọn ọ̀rọ̀ bí ẹní ń ta wúrà, kí ó wá àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn kà. Ìyá yẹn ò ṣe bí ọmọlúàbí, n ò sì ní fi oyin pa á.

Àfi bíi pé mo ń ṣàwàdà bí mo bá sọ èyí, ṣùgbọ́n ìyá kan náà ló gbàdúrà ìparí níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó kọjá. Ó dijú, ó nawọ́ sókè, ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àṣírí wa tú. Gbogbo wa ké "Àmín", ohùn tèmi tiẹ̀ wà lára èyí tó ròkè jù. Kí ni Ọlọ́run fẹ́ fi irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó gbà á gan-an ló ń tú àṣírí, tó tún fi orin sí i lábẹ́?

A máa ń ka ìwà ọmọlúàbí bí ẹní ka ọmọ ìka: òtítọ́, ìtẹríba, ìwà pẹ̀lẹ́, inú rere, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ìgboyà. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ọmọ wà, pàápàá ọmọbìnrin, bíbo àṣírí ni màá kọ́kọ́ wò. Ẹni tí kò bá lè bo ọmọ rẹ̀ láṣìírí, kí ló fẹ́ fi òtítọ́ ṣe? Òtítọ́ kúkú ni fídíò yẹn. Ọmọ náà tọ̀ sílé lóòótọ́. Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, ẹnu nìkan sì ni àwọn tó pa òwe náà mọ̀. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnu ò ní sọ nǹkan kan, tí àtàǹpàkò á kàn tẹ ibì kan, tí ojú igba ènìyàn á sì rí i.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi náà tọ̀ sílé. Mo tọ̀ sílé títí mo fi lé lọ́dún mẹ́wàá. Ní Mọ́kọ́lá la wà nígbà náà, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tó dojú kọra, ẹ̀rọ omi kan, ilé ìwẹ̀ kan, okùn ìsáṣọ kan ṣoṣo lójú gbogbo ayálégbé. Bí mo bá ta jí lórí ẹní tútù, n ò ní tíì mira tí bàbá mi á ti dìde. Títí dòní n ò mọ bó ṣe ń mọ̀. Á rọra fa aṣọ lábẹ́ mi, á tẹ́ òmíràn, á gbé èyí tó tutù lọ sẹ́yìnkùlé, á fọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn láìtan àtùpà. Ìró omi nínú báàfù ni mo máa fi ń sùn padà.

Lóru ọjọ́ kan, ìyá alákàrà tó wà ní yàrá iwájú, tó máa ń jí bó ẹ̀wà kí àkùkọ tó kọ, ká a mọ́bẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

"Tísà, ẹ ẹ̀ tíì sùn ni? Kí lẹ̀ ń fọ̀ lóru báyìí?"

Bàbá mi, tó ti nà mí rí nítorí irọ́ búrẹ́dì, tí kì í gbé ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé wálé torí pé ti ìjọba ni, dáhùn láìfọ̀rọ̀ falẹ̀: "Ẹ máa wò ó, ìyá. Èmi ni mo fẹsẹ̀ da omi sórí ẹní."

Irọ́ ni. Irọ́ yẹn wà lára ohun tó sọ bàbá mi di ọmọlúàbí lójú mi, ẹni tó bá sì fẹ́ bá mi jiyàn lórí ẹ̀, kó fa àga jókòó. Kò sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀, kò fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ó kú láìsọ ọ́. Èmi ni mò ń sọ ọ́ lónìí, torí èmi ni mo ni ín.

Ohun tí ìyá onífídíò ò mọ̀ nìyẹn. Ó rò pé nítorí pé òun lòún bímọ, òun lòún ni ìtìjú rẹ̀. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Àtìgbà tí mo ti gbọ́njú, ọmọ ni wọ́n ń pa òwe yẹn fún. Ta ló ń pa á fún ìyá tó ń fi ọwọ́ òsì júwe ọmọ tirẹ̀?

Ti fóòmù ṣì kéré. Lọ́dún tó kọjá, nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n dá sílẹ̀ torí aṣọ ẹbí, obìnrin kan kéde pé ọmọ òun, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, kí ẹbí bá òun yọ̀. Ó fi àwòrán kéèkì sí i. Ọkùnrin mẹ́rìnlá ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Mo kà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fi àtàǹpàkò sókè dáhùn. Nígbà tí tèmi dé, ìyá mi ti ilẹ̀kùn, ó tún lọ yọjú lójú fèrèsé bóyá ẹnì kan ń kọjá, kó tó bá mi sọ gbólóhùn kan. Ayọ̀ wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo rí i. Ṣùgbọ́n inú yàrá ni ayọ̀ náà wà.

Àwọn kan á ní kí n rọra, pé àwọn àgbà wa pàápàá dójú ti ọmọ tó ń tọ̀ sílé. Wọ́n á gbé ẹní lé e lórí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa kọrin tẹ̀lé e kiri àdúgbò. Mo gbọ́. Ìkà ni, n ò sì ní gbè é lẹ́yìn torí pé àṣà ni. Ṣùgbọ́n orin yẹn kì í kọjá ìkóríta. Ọmọ á dàgbà, á lọ sílé ọkọ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ orin náà. WhatsApp ní tirẹ̀ á parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24. Ta nìyẹn fẹ́ tàn? Kí wákàtí kan tó pé, ẹnì kan ti gbà á sórí fóònù tirẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fídíò kì í tiẹ̀ fọ́, pípa ló ń pa, tó ń fi ọmọ kún ọmọ.

Wọ́n á tún ní ìyá àgbà wà ní London, ó fẹ́ máa rí bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣe ń dàgbà. Ó dáa, mo fara mọ́ ọn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà. Ẹni tó ń ta gáàsì fún yín ò ṣe ìyá àgbà.

Òfin pàápàá ti sọ̀rọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2003 sọ ọ́ ní abala 8 pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí ohun àṣírí tirẹ̀, bó tilẹ̀ fi àbójútó rẹ̀ sọ́wọ́ òbí. Facebook àti Instagram náà ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13 ò gbọdọ̀ ní ojú ewé lọ́dọ̀ àwọn. Ẹ wá wo nǹkan: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò tíì tó ẹni tó ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ̀ rẹ̀ ti tó o lọ.

Mo pe ìyá onífídíò náà. Ó ní eré lásán ni, ó ní èmi ni mo le jù. Ó yọ fídíò náà kúrò. Látìgbà náà, bí a bá pàdé lẹ́nu géètì, ọ̀run ló ń wò.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ fi í sí, ṣùgbọ́n ọmọ mi àgbà ò gbà. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gbé wa relé lọ́jọ́ Ajé yẹn kan náà, ó ní: "Mọ́mì, ẹ̀yin náà gbé èmi sórí status rí."

Mo ní ìgbà wo?

"Ìgbà tí mò ń sunkún, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé. Àǹtí tó ń ta súwíìtì ṣì ń pè mí ní Ọmọ-Ẹkún."

Ó ti tó ọdún mẹ́fà. Èmi ti gbàgbé pátápátá. Ẹni tó ṣu ló kúkú máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. N ò rí nǹkan kan sọ. Awakọ̀ náà fi dígí rẹ̀ wò wá. Mo bẹ ọmọ mi nínú kẹ̀kẹ́ náà, ó ní kò burú, ó wá bi mí bóyá mo ní owó búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, eyín iwájú ọmọ mi kékeré já níbi tó ti ń jẹ àgbàdo sísè. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí eyín rẹ̀ já á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tí iye rẹ̀ bá ọdún rẹ̀ mu, á kó o mọ́ eyín náà, á jù ú sórí òrùlé, á sì pa ẹnu dé, torí bí alángbá bá rí àlàfo yẹn, òmíràn ò ní hù. Ọmọ ọdún méje ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ka òkúta, torí ìgbà àkọ́kọ́ ó kà á di mẹ́jọ. Ó jù ú. Ó dún gbàràgàdà lórí páànù. Ló bá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó ní kí n kọjú sógiri.

Mo ní, "Èmi náà jọ alángbá ni?"

Kò dá mi lóhùn. Fóònù ọwọ́ mi ló ń wò.