Ihò Kékeré Tí Ó Dá Ọkọ̀ Dúró



Nígbà tí Olúwa wa ńbá àwọn Farisi wí nípa ago àti àwo, ó fi hàn pé inú ni ìmọ́tótó tòótọ́ ti ńbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù yìí àwa fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà wé ohun-èlò kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Alímọ̀ṣọ́ mọ̀ dáadáa, èyí nì ni kábúrétọ̀. Ti ẹ́ńjìnì tí àwọn atukọ̀ ńso mọ́ ìdí ọkọ̀ lórí ọ̀sà, àti ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ńdún lójúde wa ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ńṣe: ibẹ̀ ni epo bẹntiróòlù ti ńpàdé afẹ́fẹ́ kí iná ẹ́ńjìnì tó gbà wọ́n. Epo náà ńgba inú ihò tóóró kan kọjá. Bí ihò yìí bá dí, bí ẹ́ńjìnì tilẹ̀ ní agbára ẹṣin 40, ọkọ̀ a dúró láàrín omi pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀.

Kí ni ó ńdí i? Nígbà mìíràn omi ni, tàbí erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀ epo dáradára náà ni, tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìlò. Èyí tí ó fúyẹ́ nínú rẹ̀ a bá afẹ́fẹ́ lọ, èyí tí ó kù a sì lẹ̀ mọ́ ihò bí oje igi. Nítorí náà ni ọlọ́gbọ́n atukọ̀, kí ó tó gbé ẹ́ńjìnì pamọ́, fi ńsé ẹnu epo, tí ó sì ńjẹ́ kí ẹ́ńjìnì jó èyí tí ó kù tán.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkàn ènìyàn. Ìbínú tí ó tọ́ ní ọjọ́ kìíní, bí a bá fi í pamọ́, a di ìkórìíra. Ìmọ̀ tí a kò fi kọ́ ẹlòmíràn a di ìgbéraga.

Bí ihò bá ti dí ná, ọgbọ́n ni a fi ńfọ̀ ọ́. A ó sé ẹnu epo, a ó tú kábúrétọ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnì, a ó ṣí ife ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó da epo ògbólógbòó sínú agolo, a ó sì yọ idẹ kékeré tí ó ní ihò. A ó fi oògùn tí a fi ńfọ kábúrétọ̀ rẹ ẹ́, a ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i títí a ó fi rí ìmọ́lẹ̀ ní òdìkejì. A kì í fi wáyà líle gún un, nítorí ihò tí a gún fẹ̀ kì í padà sí ìwọ̀n rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kíyè sí èyí: ọmọ tí ó ṣìnà ńfẹ́ sùúrù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí yóò dá ọgbẹ́ sí i lọ́kàn títí ayé.

Ìkìlọ̀ kan kù, tí àwa ará Alímọ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ọ̀pá epo gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá, ọgọọgọ́rùn-ún ènìyàn sì kú. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katakata gé ọ̀pá epo ní Ìjẹgun, iná tún pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ooru tí ńjáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. A máa rá nílẹ̀ títí yóò fi kan iná. Ìta gbangba ni kí a ti ṣe iṣẹ́ yìí, jìnnà sí sítóòfù, àtùpà àti sìgá, kí àwọn ọmọdé má sì sí nítòsí. Bí a bá sì ńparí ìjà nínú ìjọ, kí a mú un jìnnà sí àwọn tí ńkoná mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ará, èrò ọkọ̀ kò rí kábúrétọ̀. Ẹ̀mí wọn ni wọ́n fi lé atukọ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò rí inú wa, síbẹ̀ wọ́n ńtẹ̀lé wa. Ǹjẹ́ ta ni a ti ńbínú sí láti ìgbà pípẹ́? Ẹ jẹ́ kí a tọ̀ ọ́ lọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí Ẹ̀mí Mímọ́ fọ inú wa mọ́, nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.