Ògiri Tó Lanu Létí Ọ̀sà

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá inú ilé la sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ààlà ìpínlẹ̀ mu gan-an.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àwọn agbébọn gba ẹ̀yìn ọgbà wọ Model College tó wà ní Ìgbọ́nlá, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lọ. Ó lé lóṣù méjì kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó! Lọ́dún tó ṣáájú, ọmọbìnrin mẹ́ta ni wọ́n jí gbé níléẹ̀kọ́ Babington Macaulay ní Ìkòròdú.

Omi kan náà ló so Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní Èkó, etí omi ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ìlàjẹ ní Oǹdó pọ̀. Ajínigbé kì í dúró níbi ààlà; àṣẹ gómìnà ló ń dúró níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ààbò àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá, ní Ìbàdàn ní oṣù Kìíní ọdún 2020, Èkó di ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, Neighbourhood Safety Corps, mú. Ìyẹn ò burú, bí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà bá ṣáà lè ṣiṣẹ́ pọ̀. Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí èdè ìjọba wọn yàtọ̀ pàápàá jọ ṣọ́ òkun ní 2011.

Ẹ̀yin gómìnà wa, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ Ẹ̀pẹ́ àti ti Ìlàjẹ jọ kọ́ṣẹ́ lójú omi, kí wọ́n mọ ara wọn kí wàhálà tó dé.