Orúkọ Ta Ni Kí A Kọ Sára Òkúta?

Kò sí àga kan nínú ìjọ tí mo ń lọ ní Eneka, ní Port Harcourt, tí orúkọ ẹni tó fi í ta ìjọ lọ́rẹ kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Nísinsìnyí tí a fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ní ẹni tó bá dá ₦50,000 sókè nìkan ni àwọn yóò gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára mábù. Àwọn kan ta kò wọ́n. Wọ́n ní kí a má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí ohun tí Olúwa sọ nípa ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún.

Èmi kò rò pé orúkọ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹ ṣí Nehemáyà orí kẹta: alágbẹ̀dẹ wúrà wà níbẹ̀, Ṣálúmù àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ibi tí oníkálukú mọ lára odi. Kódà, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọlọ́lá Tékóà kò dáwọ́ lé iṣẹ́.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà tí ẹ lè má retí lọ́dọ̀ wa. Ní Sanchi, ní Íńdíà, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà fi òkúta ṣe ọgbà àti ẹnu-ọ̀nà yí ojúbọ ńlá kan ká, ní bí ọ̀rúndún kejì sí ìkíní ṣáájú ìbí Olúwa wa. Ẹ̀sìn wọn kì í ṣe tiwa, n kò sì pè yín sí i. Ṣùgbọ́n àkọlé ọlọ́rẹ tó wà níbẹ̀ ju 600 lọ, ti ọba kò sì tó nǹkan nínú wọn. Akọ̀wé wà níbẹ̀, oníṣòwò, ìyàwó ilé, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́. Abúlé kan lódindi tilẹ̀ da tiwọn pọ̀. Àwọn agbẹ́ eyín erin ìlú Vidisha ṣe iṣẹ́ ọnà sára ẹnu-ọ̀nà gúúsù. Púpọ̀ nínú àkọlé náà kò ju orúkọ, ìlú, àti ọ̀rọ̀ kan lọ: ẹ̀bùn.

Ọ̀rọ̀ kan yẹn ṣe bẹbẹ. Kò sí ẹni tó lè ka lẹ́tà àtijọ́ náà mọ́, títí di 1837, nígbà tí James Prinsep ṣàkíyèsí pé lẹ́tà méjì kan náà ló ń parí àkọlé kúkúrú wọ̀nyí. Ó fura pé “danam” ni, ìyẹn ẹ̀bùn. Láti ibẹ̀ ló ti rí ọ̀nà ka àwọn àkọsílẹ̀ ọba Ashoka. Ẹ wò ó, ọrẹ àwọn mẹ̀kúnnù ló ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ọba.

Iye owó yẹn gan-an ló ń dùn mí nínú ìpinnu tiwa. Màmá kan tó ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà gbé àpò sìmẹ́ńtì kan wá. Lójú Jésù, opó tó sọ owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí ju àwọn ọlọ́rọ̀ lọ. Lójú mábù wa, màmá yìí kò mú nǹkan kan wá. A ti ń ta ìrántí bí ẹni ń ta ilẹ̀. (Jákọ́bù orí kejì ti sọ̀rọ̀ lórí àga ìjókòó ọlọ́rọ̀, ẹ lọ kà á.)

Wọ́n ní mábù kò lè gba orúkọ gbogbo wa. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí a ra ìwé ńlá kan, kí a kọ gbogbo rẹ̀ sí i: àpò sìmẹ́ńtì kan, ọjọ́ kan tí ọ̀dọ́ kan fi ru yanrìn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a mọ òun, kí a kọ “ọmọ ìjọ kan”. Bí ìyẹn bá ṣòro, kí mábù náà wà láìsí orúkọ kankan, títí kan ti alága ìgbìmọ̀. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Mo ti kọ ọ́.